Bí ẹ ṣe lè dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kó má sì tú ká

Bí mo bá gbé jìtá kọ́ èjìká gba Pánṣẹ́kẹ́ kọjá, ó ṣòro kí ọ̀dọ́ kan má dá mi dúró: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Èmi náà fẹ́ dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì sílẹ̀." Ìbéèrè kejì kì í pẹ́ dé: "Èló ni wọ́n ń ta jìtá?"

Ti èkejì ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má tíì ra jìtá. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí mo ti rí tó tú ká nílùú yìí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ pé àìsí jìtá ló tú u ká. Àìríbi ṣeré, àìní onílù tó ń wá déédéé, àti owó táṣẹ́rẹ́ tí wọn ò jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn ló ń tú wọn ká. Ìdí nìyẹn tí ohun èlò fi di ìpele kẹta níbí.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tí ẹ ó ti máa pariwo

Rọ́ọ̀kì kì í ṣe orin tí èèyàn ń ṣe ní yàrá kí ará ilé má gbọ́. Ìlù sẹ́ẹ̀tì nìkan, láìsí sípíkà kankan, tó láti jí ọmọ tó ń sùn ní ojúlé kẹta.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé ìjọsìn tí ọ̀kan nínú yín ń lọ. Púpọ̀ nínú wọn ní ìlù, áńpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá sókè) àti jẹnẹrétọ̀ tí wọn kì í lò lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ lọ bá alàgbà tàbí pásítọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ kí i bó ṣe yẹ, kí ẹ sì sọ òótọ́ irú orin tí ẹ fẹ́ ṣe. Bí ẹ bá ní orin ìyìn ni, tí wọ́n wá gbọ́ jìtá tó ń ké ramúramù lọ́sẹ̀ kejì, ibẹ̀ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn.
2. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí ní etí ìlú, lọ́nà Ọbáńtókò tàbí lápá Láderin. Ọwọ́ onílé gan-an ni kí ẹ ti gbàṣẹ, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀.
3. Ẹ lè sanwó wákàtí ní sítúdíò tó ń yá èèyàn ní yàrá. Wákàtí 2 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí gbogbo yín dá owó rẹ̀ jọ, sàn ju ojoojúmọ́ ní ibi tí wọ́n á ti lé yín.
4. Ẹ wọlé kí àwọn aládùúgbò kí ẹ tó lu ìlù àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún wọn, kí ẹ sì máa dákẹ́ lórí aago tí ẹ sọ. Ẹ yẹra fún àkókò ìrun Jímọ̀ bí mọ́sálásí bá wà nítòsí.
5. Ẹ béèrè ọjọ́ orò lọ́wọ́ àgbà àdúgbò kí ẹ tó fi ìgbáradì sí alẹ́, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín. Ẹ má dúró dìgbà tí akọrin yín ò ní lè jáde nílé kí ẹ tó mọ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù: kíreètì ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Kì í dí ariwo. Ó lè mú kí yàrá má han gooro, ṣùgbọ́n ìlù á ṣì jáde síta bó ṣe wà. Ẹ fi owó yẹn ra ògbólógbòó kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ ìlù, kí ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì dín áńpù kù.

Ìpele 2: Ẹ wá èèyàn, onílù ni kó ṣáájú

Èèyàn 4 tó: onílù, oníbéèsì (ẹni tó ń ta jìtá ohùn ìsàlẹ̀), oníjìtá, akọrin. Bí akọrin bá ń ta jìtá, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3. Oníjìtá pọ̀ nílùú bí iyanrìn. Onílù tó ń dé lásìkò ni ó ṣọ̀wọ́n.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ onílù tó dáa wà, ọwọ́ wọn sì yá gan-an. Wàhálà kan wà níbẹ̀. Orin ìyìn ti kọ́ wọn láti máa fi nǹkan dí gbogbo àyè tó bá ṣófo. Rọ́ọ̀kì nílò àyè yẹn. Àyẹ̀wò tí èmi ń ṣe nìyí: mo máa ń ní kó lu ìlù ńlá ẹsẹ̀ ní kíkà 1 àti 3, kó lu sínéè (ìlù pẹlẹbẹ tó ń dún ṣá) ní 2 àti 4, fún ìṣẹ́jú 10, láìfi ohunkóhun kún un. Ní ìṣẹ́jú kẹta ọwọ́ á ti máa yún un. Ẹni tó bá fara dà á dé ìparí tí eré rẹ̀ kò sáré tí kò sì fà, ẹ dì í mú. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lónìí ṣì lè kọ́ ọ láàárín oṣù kan bó bá fẹ́.

Kí ẹ tó gbà á, ẹ bi í ní ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń ṣe ìgbáradì àti ìṣọ́ òru. A pàdánù onílù wa àkọ́kọ́ nítorí a fi tiwa sí ọjọ́ Sátidé, tí tiwọn náà jẹ́ Sátidé. Kò bá wa jà. Ó kàn dẹ́kun wíwá.

Ìpele 3: Ohun èlò

Tòkunbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bí ẹ bá ń wo jìtá tòkunbọ̀:

- Ẹ gbé e sókè bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, kí ẹ fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bó bá ti tẹ̀ púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀.
- Ẹ ta gbogbo okùn ní gbogbo fírẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá), níkọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ń dún jìrì-jìrì, ẹ fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀.
- Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, kí ẹ rọra mi ìdí rẹ̀. Bó bá ń já, tó ń mú, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ẹ sá.
- Ẹ ta okùn ní òfìfo, láìtẹ ibì kankan, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì 12. Ohùn kan náà ló yẹ kó jẹ́, èkejì á kàn ga sí i. Bí wọn kò bá bára mu, okùn tuntun tàbí àtúntò afárá (ibi tí okùn jókòó lé nísàlẹ̀ jìtá) ló nílò.

Áńpù 30 wọ́ọ̀tì tó fún jìtá nínú yàrá. Ti béèsì kò yẹ kó dín ní 100, torí ohùn ìsàlẹ̀ ń jẹ agbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki béèsì bọ sípíkà tẹlifíṣọ̀n ilé. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí bébà inú rẹ̀ á fi ya, ìyá yín ni yóò sì béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ ra ohun tí a fi ń dí etí, fún onílù pàápàá. Ohùn tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 100, tí ìlù nínú yàrá kékeré lè kọjá, kò yẹ kó wọ etí ju ìṣẹ́jú 15 lọ lóòjọ́. Bí etí yín bá ń hó lẹ́yìn ìgbáradì, ẹ ti pariwo jù.

Ìpele 4: Ìwé kan ṣoṣo, kí owó tó wọlé

Ẹ jókòó níbi tí kò sí jìtá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kan tó.

- Báwo la ó ṣe máa pín owó òde? (Tiwa: a ó yọ owó epo àti ọkọ̀, a ó fi ìpín kan sí àpò ẹgbẹ́, ìyókù á pín dọ́gba.)
- Owó tí wọ́n ná fún akọrin lójú agbo ńkọ́? Inú àpò kan ni kí gbogbo rẹ̀ wọ̀, kí ẹ kà á lójú gbogbo yín kí ẹnikẹ́ni tó lọlé. Owó níná yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní Abẹ́òkúta, torí akọrin ló ń dúró níwájú.
- Ta ló ni orin? Ẹ kọ orúkọ àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ àti àwọn tó gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìpín olúkúlùkù, lọ́jọ́ tí ẹ bá parí orin náà. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ orí orin ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ọmọ yín ni yóò jà sí ohun tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀.
- Ta ló ni áńpù tí a jọ dá owó rẹ̀? Bí ẹnì kan bá lọ, kí ni yóò mú lọ?
- Ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́? Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó mú un. Ẹni tó bá fẹ́ lo "Olúmọ" kí ó wò ó dáadáa, torí kì í ṣe òun nìkan ni ó ti rò ó. Bí owó bá ti ń wọlé, ẹ lè forúkọ náà sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìpele 5: Bí ìgbáradì ṣe ń lọ

Wákàtí 2, báyìí:

1. Ìṣẹ́jú 10: ẹ tún ohùn jìtá ṣe. Ẹ lo áàpù lórí fóònù, kí ẹ fi ohùn A sí 440, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olórin ń lò. Orúkọ ohùn okùn kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó nípọn jù: E, A, D, G, B, E. Gbogbo yín ni kó lo áàpù kan náà.
2. Ìṣẹ́jú 20: onílù àti oníbéèsì nìkan. Ẹni tó kù jókòó, kó gbọ́. Bí àwọn méjì yìí bá dúró ṣinṣin, ìdajì iṣẹ́ ti parí.
3. Ìṣẹ́jú 60: orin 2, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó bá ń bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ tún ṣe, kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.
4. Ìṣẹ́jú 20: ẹ ṣe gbogbo èyí tí ẹ mọ̀ láìdúró, bí ẹni pé èrò wà níbẹ̀. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ láti igun yàrá.
5. Ìṣẹ́jú 10: ẹ jókòó gbọ́ ọ.

Ẹ má fo ti ìkarùn-ún. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọdún 9 ni oníbéèsì fi ju onílù lọ. Fún oṣù méjì ni bọ̀dá wa yìí fi ń sáré ṣáájú ìlù, àbúrò mọ̀, kò lè sọ. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kò bá ìlù mu? Ọjọ́ tí a gbọ́ ọ nínú fóònù, bọ̀dá fúnra wọn ló ní, "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ dá a padà. Ṣé èmi nìyẹn?" Láti ọjọ́ náà a kò tún ní ẹjọ́ lórí ìyẹn. Fóònù kì í rí àgbà fín, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbè sẹ́yìn ọmọdé.

Ohùn akọrin ni ìwọ̀n áńpù. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, jìtá ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ má fi màíkì kún un. Bí màíkì bá ń han, ó ń dojú kọ sípíkà ni: ẹ gbé sípíkà síwájú akọrin, kí ó kọjú sí èrò.

Ìpele 6: Bí ẹ bá fẹ́ kọrin ní Yorùbá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni rọ́ọ̀kì tiwa ti ń yàtọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbé ohùn orin kalẹ̀ bí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á wá tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ inú rẹ̀. Èdè wa kò gbà á. Ẹ wo "ọkọ̀ mi ti dé". Bí ohùn orin bá gòkè lórí "kọ̀", ọkọ́ ló dé, ìyẹn tí bàbá fi ń roko. Bó bá wà ní títẹ́jú, ọkọ ló dé, ilé àwọn kan sì lè dàrú lórí rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ sọ gbólóhùn náà lásán, bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
2. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ kùn ún nímú, láìsí ọ̀rọ̀. Ohun tó kù yẹn ti jẹ́ orin tán.
3. Kí oníjìtá wá a lórí okùn kan ṣoṣo. Ohùn òkè kò ní láti ga púpọ̀. Kó ṣáà ga ju ti àárín tó ṣáájú rẹ̀ lọ.
4. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yí ohùn padà kí orin lè dùn, ẹ yí i lẹ́yìn tí etí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, lórí fáwẹ́ẹ̀lì ìparí tí ẹ ń fà gùn.
5. Ẹ kọ ọ́ fún àgbàlagbà kan tí kò mọ orin náà rí, kí ẹ bi í ní ohun tó gbọ́. Ìyá onílé wa ni a fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ní "kí lẹ wí?", a padà sí nọ́ńbà 1.

Jìtá fúnra rẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́. Lórí distortion, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń mú kó ké, ẹ má ta kọ́ọ̀dù (ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí a ta pọ̀) tó kún. Á dàrú bí ẹ̀kọ tó yọ́. Ẹ ta ohùn 2 péré. Fún E, ẹ ta okùn kẹfà (èyí tó nípọn jù; láti orí èyí tó tín-ín-rín jù ni a ti ń kà wọ́n) ní òfìfo pẹ̀lú okùn karùn-ún ní fírẹ́ẹ̀tì 2. Kò sí ohùn kẹta tó ń sọ bóyá orin náà dunnú tàbí ó bànújẹ́, nítorí náà akọrin ní àyè láti tẹ̀ lé ohùn èdè.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ẹ tẹ okùn kẹta ní fírẹ́ẹ̀tì 7, kí ẹ ta á, kí ẹ sì fi ìka fà á sókè títí á fi dún bí fírẹ́ẹ̀tì 9, kí ẹ wá rọra tú u sílẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ́lẹ́ bí gángan tí wọ́n dẹ ọsán rẹ̀. Ẹ fi í dá akọrin lóhùn lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é lójú agbo, bàbá kan tó jókòó tí kò tilẹ̀ wo wa tẹ́lẹ̀ gbé orí sókè, ó sì dá jìtá lóhùn.

Iná: ẹ ka èyí kí ẹ tó lọ síbikíbi

- Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ju nǹkan bí 650 wọ́ọ̀tì lọ fún àkókò gígùn. Áńpù béèsì, áńpù jìtá kan àti míkísà (ẹ̀rọ tó ń da ohùn màíkì àti ohun èlò pọ̀) lè gbé lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki fíríìjì bọ̀ ọ́.
- Ìta gbangba ni kó wà. Èéfín rẹ̀ ń pani láìrùn, bó bá wà nínú yàrá tàbí lẹ́nu fèrèsé.
- Bí akọrin bá di jìtá mú, tí ètè rẹ̀ kan màíkì, tó sì ń ta á bí iná, ẹ pa gbogbo nǹkan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wáyà ilẹ̀ kò sí tàbí ó ti já. Ẹ má fi kànrìnkàn wé màíkì kí ẹ máa bá a lọ. Iná yẹn lè pa á. Ẹ pe oníná.
- Ẹ má ki áńpù bọ iná ẹlòmíràn láìsí sítébíláísà. Ní òde wa kejì, ní ilé ọtí kan, iná jẹnẹrétọ̀ wọn ṣàdédé gòkè, èéfín sì jáde láti ẹ̀yìn áńpù mi. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní Ọlọ́run á pèsè òmíràn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú owó kí n tó ra òmíràn.

Ìpele 7: Òde àkọ́kọ́

Ẹ má lọ sí gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀ tàbí sí OOPL, ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ní Òkè-Mósàn. Èrò 40 nínú gbọ̀ngàn ńlá dà bí òfìfo. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́, àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú yìí), àgbàlá ilé oúnjẹ kan ní Ìbarà tó ń wá ohun tí yóò fa èrò lọ́jọ́ Ẹtì: ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 30, orin 7. Etí Abẹ́òkúta, jùjú àti fújì ló mọ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ fi orin ìbílẹ̀ tàbí orin mímọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ṣí i, ní ìlànà tiyín, kí ẹ tó kọ tiyín. Bí wọ́n bá ti bá yín gbé orin kan, wọ́n á dúró gbọ́ èyí tí wọn kò mọ̀. Ẹ gba ìdajì owó ṣáájú ọjọ́ náà.

Ní ti aṣọ, ẹ lọ sí Ìtòkú, kí ẹ ra àdìrẹ. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀ títí omi á fi mọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ jáde, torí òógùn á bọ́ aró sí ọrùn jìtá àti ọwọ́ yín.

Ẹ kó sínú àpò:
- okùn jìtá méjì-méjì, ọ̀pá ìlù méjì ní àfikún
- wáyà jìtá kan tí ẹ kò ní lò àfi bí èyí tí ẹ ń lò bá já
- bátìrì 9 fólìtì, téèpù dúdú, tọ́ọ̀ṣì
- epo tiyín, nínú kẹ́ẹ̀gì
- bébà tí orin tó tẹ̀lé ara wọn wà, ẹ̀dà 4

Ìpele 8: Gbígba orin sílẹ̀ àti jíjáde nílùú

Ẹ má wọ sítúdíò pẹ̀lú orin tí ẹ kò tíì ṣe lójú èrò tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Owó wákàtí ń lọ bí ẹ ṣe ń jiyàn. Orin 2 ni kí ẹ gbà, kì í ṣe 10. Kí onílù ti mọ bó ṣe ń lu ìlù tẹ̀lé ìró kíkà tó ń dún sí i létí nínú hẹ́ẹ̀dfóònù kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ gba fáìlì ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí fíláàṣì tiyín kí ẹ tó san owó ìkẹyìn. Ẹ lè fi orin sórí Audiomack àti YouTube fúnra yín.

Bí Èkó bá pè yín, ẹ wo rélùwéè. Ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin ni ẹ ti máa wọ̀ ọ́, títí dé Ẹ̀búté Mẹ́tta. Jìtá àti sínéè ṣeé gbé dání. Ìlù ńlá àti áńpù, ẹ bá àwọn tó pè yín sọ ọ́ kí wọ́n pèsè rẹ̀. Ẹ wo aago ọkọ̀ tó ń padà kí ẹ tó gbà láti ṣeré alẹ́, torí Láderin jìnnà sáàárín ìlú.

Bí ẹnì kan bá jápa

Á ṣẹlẹ̀. Tiwa ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kí ó má baà pa ẹgbẹ́:

1. Láti òní lọ, ẹ máa fi fóònù ya ọwọ́ olúkúlùkù bó ṣe ń ta orin kọ̀ọ̀kan. Ojú ọwọ́ ni kí ó hàn, kì í ṣe ojú èèyàn.
2. Ẹni tó bá ti gba físà, kí ó sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi èyí sínú ìwé ìpele 4, kí ojú má tì í láti sọ ọ́.
3. Òun fúnra rẹ̀ ni kó mú ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ wá, kó sì jókòó tì í fún ìgbáradì mẹ́ta, láìfọwọ́ kan ohun èlò.
4. Ẹ san ìpín rẹ̀ nínú áńpù àti àpò ẹgbẹ́ fún un kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lórí orin tó bá yín kọ.
5. Ní òde tó bá ṣe kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó yan orin tí ẹ máa fi parí.